Bàbá Wa Japhet Aṣaolú, Olùtọ́jú Ilé Tíṣà ní Òsì, àti Ọ̀rọ̀ Fọ́tò Méjì

Àwa ẹbí Aṣaolú, ti agbo ilé Aṣípa ní Òsì, kí gbogbo yín kú ewu ọ̀nà. Ẹ̀yin ará Ìlọ́fà, ẹ̀yin ará Ìsólò-Ọ̀pin, ẹ̀yin tíṣà àti ọmọ ilé-ìwé tí ẹ wọ mọ́tò láti Ọ̀bọ-Ayégúnlẹ̀, a rí yín, a dúpẹ́. Ọlọ́run kò ní fi irú rẹ̀ san án fún yín.

Èmi Yéwándé, ọmọbìnrin olóògbé, ni wọ́n ní kí n kọ ìtàn yìí, nítorí èmi ni mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Mi ò parí kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdírì. Ibi tí ẹ bá ti rí i tó wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi Gideon fi fóònù pè mí láti Ìbàdàn, wọ́n ní, "Kọ ọ́ kúkúrú. Má fi ohun tó máa dá ariwo sílẹ̀ sí i." Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ariwo ti wà nílẹ̀ kí n tó mú bírò. Láti oṣù kejì ọdún yìí ni wọ́n ti ń sọ ọ́ ní Òsì àti ní àwọn ilé-ìwé pé irọ́ ni bàbá wa ń pa fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ láti ọdún márùndínlógójì. A kò lè gbé wọn sin pẹ̀lú orúkọ yẹn. Ẹ̀rù ń bà mí láti kọ ọ́, ẹ̀rù sì ń bà mí láti má kọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí ìwé yìí fi gùn díẹ̀.

Òsì ni wọ́n ti bí Bàbá Japhet Aṣaolú, ní ọdún 1946. Ohun tó wà nínú ìwé ìrìbọmi wọn nìyẹn. Bàbá Qòsím, àbúrò wọn, ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé ọdún tí eṣú jẹ àgbàdo tán lóko ni, àti pé eṣú ti lọ tipẹ́ kí 1946 tó dé. Mo bi wọ́n pé ọdún wo wá ni, wọ́n ní, "Àbúrò ni mí. Ṣé èmi ni mo gbẹ̀bí wọn ni?" A fi 1946 sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bàbá tó bí wọn ni Aṣaolú, àgbẹ̀ oníṣu. Ìyá wọn ni Bọ́láńlé, ọmọ Ìlọ́fà. Aṣaolú kò ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, kò ṣe mọ́ṣáláṣí. Ó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan tẹ̀lé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbé e lọ. Bàbá wa tẹ̀lé ti ìjọ Áńgílíkà, Bàbá Qòsím tẹ̀lé ti Mùsùlùmí, àwọn méjèèjì sì jọ ń jẹran Iléyá àti ìrẹsì Kérésì nínú abọ́ kan náà títí di ọdún tó kọjá.

Ní ọdún 1955 ni wọ́n fi bàbá wa sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Sáà méjì péré ni wọ́n lò níbẹ̀. Bàbá wọn kú, oko sì ń dúró de ẹni tí yóò ro ó. Wọ́n mọ orúkọ ara wọn kọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dùn wọ́n dé ọjọ́ alẹ́. Tí wọ́n bá rí ọmọ tó ń sá fún ilé-ìwé, wọ́n á mú un lọ́wọ́, wọ́n á fà á dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì.

Ní ọdún 1975, wọ́n gbé ìyá wa, Àbẹ̀kẹ́, níyàwó láti Ìlọ́fà. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ. Ìyá wa kú ní ọdún 2011. Bàbá wa kò fẹ́ ẹlòmíràn. Wọ́n ní àwọn ti mọ bí ọbẹ̀ ṣe ń rí lẹ́nu, àwọn kò fẹ́ tún un kọ́.

Iṣu, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ni iṣẹ́ wọn, títí di ọdún 1989, tí ẹbí Àtólágbé fi pè wọ́n kí wọ́n wá máa tọ́jú Ilé Tíṣà. Ẹ̀yin tí ẹ ti òkèèrè wá, ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ tó wà lọ́nà oko nì, tí ọgbà yí i ká, ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Tíṣà Aísáyà Àtólágbé ni wọ́n kọ́ ọ ní ọdún 1949. Àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn, Bàbá Bẹ̀llò, àgbẹ̀ Mùsùlùmí láti Ìsólò-Ọ̀pin, ni wọ́n jọ ṣe ọgbà náà. Tíṣà ni wọ́n ni ilẹ̀. Bàbá Bẹ̀llò ni wọ́n wá igi, tí wọ́n gbin ín, tí wọ́n pọn omi sí i: òroḿbó, gúáfà, àgbálùmọ̀, àti àwọn òdòdó pupa tó wà lẹ́bàá ògiri títí dòní. Nígbà tí àwọn ọmọ Tíṣà kó lọ sí Èkó tán, wọ́n ní kí ilé náà di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kí àwọn ọmọ ilé-ìwé lè máa wá wò ó. Wọ́n to agogo ilé-ìwé, pátákó ìkọ̀wé, ibùsùn onírin àti àwọn nǹkan mìíràn síbẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ àti ìtàn ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí páálí, wọ́n lẹ̀ ẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Ní òkè àtẹ̀gùn, níbi tí ó ṣókùnkùn díẹ̀, wọ́n so fọ́tò méjì kọ́: ti Tíṣà, àti ti Bàbá Bẹ̀llò.

Ọdún 1990 ni ilé-ìwé àkọ́kọ́ wá ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní ẹsikọ́ṣọ̀n. Bàbá wa kò mọ̀wé kà, ọgọ́ta ọmọ ilé-ìwé sì ń bọ̀ wá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Èmi ni mo ń ka páálí fún wọn, ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn oko, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n fi mọ gbogbo rẹ̀ sórí. Páálí ni mo ń wò. Mi ò wo ojú ẹni tó wà nínú fọ́tò. Ọmọdé ni mí, àtẹ̀gùn yẹn sì máa ń bà mí lẹ́rù.

Láti ìgbà náà, kò sí sáà kan tí ilé-ìwé kò wá. Bàbá wa á ti gbá ọgbà. Wọ́n á ní kí àwọn ọmọ bọ́ bàtà, kí wọ́n sì kí ilé kí wọ́n tó wọlé. Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, "Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ẹni tí kò bá kí ilé, ìta ni yóò ti jẹ gúáfà tirẹ̀." Gbogbo wọn á pariwo pé, "Ilé o, ẹ kú ilé o!" Wọ́n á mú ọ̀pá, wọ́n á máa fi tọ́ka sí páálí kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń kà á, wọ́n á máa sọ ohun tó wà níbẹ̀, láìfi ẹyọ kan sílẹ̀. Bí ilé-ìwé bá ń lọ, wọ́n á fún wọn ní igi kan láti lọ gbìn. Ọ̀pọ̀ òroḿbó tí ẹ ń jẹ ní ọgbà ilé-ìwé yín, láti ọwọ́ wọn ni.

Ní ti ẹ̀sìn, ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fún ọdún méjìdínlógún. Wọn kò gba oyè. Wọ́n máa ń bá àwọn àgbà ìlú tún ọ̀nà odò ṣe lẹ́ẹ̀run. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n kọ púpọ̀ síbí yìí, ẹ̀yin ìjọ, ẹ má bínú. Ọkàn mi wà níbi tó kù.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2003, ìjì ká páànù Ilé Tíṣà, òjò wọlé, ògiri òkè àtẹ̀gùn wó. A bá fọ́tò méjèèjì nínú amọ̀, páálí wọn sì ti já kúrò lára wọn. Bí a bá ní kí bàbá wa fi ojú mọ̀ wọ́n, ó ṣòro, nítorí ọmọdé ni wọ́n nígbà tí Tíṣà àti Bàbá Bẹ̀llò kú. Onífọ́tò kan ló ya méjèèjì lọ́jọ́ kan náà ní ọdún 1951. Láti Ìlọrin ló ti wá, kóòtù kan ṣoṣo, fìlà kan àti àga kan ló sì gbé rìn. Gbogbo ẹni tó ya fọ́tò ní Òsì lọ́dún yẹn, kóòtù yẹn ló wọ̀, gègé ìkọ̀wé tó wà ní àpò rẹ̀ náà kò kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá yà tán á bọ́ ọ fún ẹni tó kàn. Nítorí náà Tíṣà àti àgbẹ̀ jókòó sórí àga kan náà, nínú aṣọ kan náà, pẹ̀lú gègé. Omi ti wọ inú gíláàsì. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín, èkejì fajú ro.

Bàbá wa gbé èyí tó ń rẹ́rìn-ín sókè. Wọ́n ní, "Yéwándé, ó dà bí ẹni pé èyí ni Tíṣà."

Mo ní, "Rárá, Bàbá. Èyí tó fajú ro ni. Tíṣà wo lẹ rí tó ń rẹ́rìn-ín?"

Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "Ó dá ọ lójú?"

Mo ní, "Ó dá mi lójú."

Kò dá mi lójú. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí. Ọjọ́ ọjà ni, gààrí mi wà lẹ́bàá títì, mọ́tò fẹ́ lọ. Mo fẹ́ kó tètè tán. Bàbá wa sì gbé èyí tí wọ́n mú dání sílẹ̀, wọ́n ní, "Ìwọ lo kàwé." Mo fi ṣítáàṣì lẹ páálí mọ́ wọn, mo sáré lọ sọ́jà. Ọdún méjìlélógún mìíràn ni fọ́tò náà fi wà bẹ́ẹ̀, tí àwọn ọmọ ń kọ ohun tí mo lẹ̀ sínú ìwé wọn.

Ọmọ tó kọ ọ́ lọ sílé lọ́dún tó kọjá ni Amirat, ọmọ ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdírì. Ìyá ìyá rẹ̀ ni Ìyá Hùmúàní ní Ìsólò-Ọ̀pin. Ìyá náà ni ọmọ kan ṣoṣo tó kù láyé nínú àwọn ọmọ Bàbá Bẹ̀llò. Amirat ní, "Ìyá, mo rí fọ́tò bàbá yín." Ìyá náà kò ní fọ́tò bàbá wọn kankan. Wọ́n ní àfi kí àwọn náà wá.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́ oṣù kejì ọdún 2025, wọ́n bá mọ́tò ilé-ìwé wá. Ọmọ méjì mú wọn lọ́wọ́ gun àtẹ̀gùn. Bàbá wa fi ọ̀pá tọ́ka sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, inú wọn dùn, wọ́n ní, "Ìyá, ẹ wo bàbá yín."

Ìyá Hùmúàní sún mọ́ ọn. Wọ́n ní, "Ta nìyí?"

"Bàbá Bẹ̀llò ni."

"Bẹ̀llò ti ibo? Bàbá mi kọ́ nìyí. Bàbá mi lẹ so mọ́bẹ̀ yẹn tí ẹ pè ní tíṣà! Bàbá mi tí kò mú gègé rí láyé rẹ̀?"

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà wọn ní, "Bàbá, ẹ bá wa ka páálí yẹn ká gbọ́." Bàbá wa kà á bí wọ́n ṣe máa ń kà á. Mi ò mọ ohun tí tíṣà náà ń rò. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ṣí páálí kan kúrò lára nǹkan mìíràn, ó nà án sí wọn, ó ní, "Ẹ ka èyí náà." Bàbá wa mú un dání. Wọn kò mọ ibi tó ti wá, wọn kò sì lè mọ ohun tó wà níbẹ̀. Wọ́n yí i lójú, wọ́n tún yí i padà.

Ẹnìkan láti ẹ̀yìn ní, "Háà! Bàbá ò mọ̀wé kà!"

Ọmọbìnrin kan ní, "Ẹ̀gbọ́n mi náà kọ ọ́ síwèé. Ṣé irọ́ ni gbogbo rẹ̀ ni?"

Tíṣà ní kí wọ́n fa ìlà gba inú ohun tí wọ́n kọ. Gbogbo wọn fà á. Mo gbọ́ bí bírò ṣe ń dún. Ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni mo wà, mo gbé kẹ́ẹ̀gì omi mímu dání fún àwọn ọmọ. Mo lè sọ̀rọ̀. Mi ò sọ̀rọ̀.

Bàbá wa kò bá mi wí. Wọn kò dárúkọ fọ́tò rárá. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n pe ọlọ́kadà, wọn kò sọ ibi tí wọ́n ń lọ fún ẹnikẹ́ni. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé. Láti ọjọ́ yẹn, wọn kò dé Ilé Tíṣà mọ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, wọ́n dákẹ́. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, pé ó ti pẹ́ lára wọn. Mo béèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá ìtìjú lè pa ènìyàn. Ó tún sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò mọ èwo ni kí n gbà.

Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, mo lọ sí Ìsólò-Ọ̀pin. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Hùmúàní, mo ní, "Ìyá, èmi ni mo lẹ páálí fọ́tò náà òdì. Kì í ṣe bàbá mi."

Ìyá ní, "Ìwọ kẹ̀? Japhet ní òun ni."

Mo ní, "Níbo lẹ ti rí wọn?"

"Níbi tí o kúnlẹ̀ sí yìí náà. Ọ̀kadà ló gbé e wá, eruku ti sọ aṣọ rẹ̀ di pupa. Ọkùnrin tó jù mí lọ, ó dọ̀bálẹ̀! Mo ní, 'Dìde o, kí àwọn ará ilé yìí má sọ pé mo fẹ́ gba ẹ̀mí ẹ.' Ó ní ojú òun ló ṣì í, ọwọ́ òun ló lẹ̀ ẹ́. Mo bi í pé ta ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ó ní kò sí ẹnìkankan."

Bàbá wa mọ̀. Wọ́n rántí pé àwọn ti mú èyí tó tọ́, wọ́n rántí ẹni tó sọ fún wọn pé kì í ṣe èyí, wọ́n sì ní kò sí ẹnìkankan.

Mo bi Ìyá bóyá ó dá wọn lójú pé ẹni tó fajú ro ni bàbá wọn. Wọ́n ní, "Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tó kú. Bí o bá ní kí n búra, n ò ní búra. Ṣùgbọ́n bó ṣe wojú yẹn, bó ṣe máa ń wò mí nìyẹn bí mo bá da omi ọgbà rẹ̀ nù." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sunkún díẹ̀. Wọ́n ní àwọn yóò wá síbi ìsìnkú. Ẹ kí wọn fún wa, àwọn ni wọ́n jókòó síwájú níbẹ̀ yẹn.

Nígbà tí mo sọ fún ẹbí, ẹ̀gbọ́n mi Gideon ní, "Ìwé ìsìnkú kì í ṣe ibi ìjẹ́wọ́. Kí ni wọ́n máa sọ nípa rẹ?" Bàbá Qòsím ní, "Ohun tí wọ́n ń sọ nípa òkú ńkọ́? Ṣé kí òkú máa ru ẹrù alààyè lọ ni?" Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi.

Nítorí náà, ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, àti ẹ̀yin tí ẹ ti di bàbá àti ìyá ọmọ láti ìgbà tí ẹ ti wá: bàbá wa kò purọ́ fún yín. Èmi ni mo purọ́ fún wọn. Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, èmi àti Amirat pààrọ̀ páálí fọ́tò méjèèjì. A pe àwọn ọmọ Tíṣà ní Èkó. Wọ́n ní ọmọdé ni àwọn nígbà tí Tíṣà kú, àwọn náà kò sì ní fọ́tò mìíràn láti fi wé e, kí a ṣe é bí Ìyá Hùmúàní ti sọ. A kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí Ìyá Hùmúàní ti sọ ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo jókòó, mo ka gbogbo páálí tó kù nínú ilé náà, mẹ́tàdínlógún. Mo fi wọ́n wé ohun tí bàbá wa máa ń sọ, tí èmi náà ti mọ̀ sórí. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi kún un. Kò sí ọ̀kan tí wọ́n yọ. Ẹ̀yin tí ẹ fa ìlà gba inú ìwé yín, àyè fọ́tò méjì nìkan ni kí ẹ tún kọ. Ẹ dá èyí tó kù padà.

Bàbá Japhet Aṣaolú fi àbúrò wọn sílẹ̀ sáyé, Bàbá Qòsím. Àti ọmọ mẹ́ta: Gideon ní Ìbàdàn, èmi Yéwándé ní Òsì, àti Ẹ̀bùnolúwa tó wà ní Kàdúná. Pẹ̀lú ọmọ-ọmọ méje, àti ọmọ-ọmọ-ọmọ kan tí wọn kò tíì rí.

Bàbá wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà. Kí Ọlọ́run gbà yín sí ilé tí ẹnikẹ́ni kò ti ní na ìwé sí yín pé kí ẹ kà á. Bí ẹ bá rí ìyá wa Àbẹ̀kẹ́, ẹ bá wa kí wọn. Ẹ sọ fún wọn pé Yéwándé ti sọ ọ́. Ẹ sùn ire, Bàbá.